Oúnjẹ Ọ̀wọ́n ní Ìlú Seoul

Ọmọ mi obìnrin ni ó sọ mí di ẹni tí ń ronú lórí oúnjẹ olówó ńlá lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ìlú Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà, ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi oyè náà dá a lọ́lá ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó fi owó ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi ojú ara mi rí i. Ó ní òun ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ọdún méjì, pé bí òun bá ti gba oyè tán, òun yóò mú mi lọ jẹun ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-oúnjẹ ńláńlá tí òkìkí wọn kàn ní ìlú náà. Èmi ni n óo sì yan ilé náà, nítorí pé èmi ni mo kọ́ òun bí a ti í yan ohun tí ó dára.

N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni ó gbé lé mi lọ́wọ́ títí mo fi gbọ́ iye owó rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lè tó 300,000 won, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò tí mo ń wí yìí, won kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí náírà kan. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ wa fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré yóò gbé owó oṣù mẹ́rin lọ! Mo ní kí ọmọ náà gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, kí ó fi owó rẹ̀ ra ohun tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, “Bàbá mi, ẹ̀yin ni ẹ san owó ilé-ìwé mi láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí n san ti oúnjẹ yìí.” N kò lè jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n mo pinnu nínú ọkàn mi pé owó ọmọ náà kò ní ṣòfò.

Mo dé Seoul ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìgboyè. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu lè ròyìn, nítorí náà n óo fò ó dá.

Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń wò bí wọ́n bá fẹ́ yan ilé-oúnjẹ ni ìràwọ̀ Michelin. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe táyà ọkọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni Michelin. Ní ọdún 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé atọ́nà kan jáde fún àwọn onímọ́tò, kí wọ́n lè máa rin ìrìn-àjò, kí táyà sì lè máa tà. Láti inú ìwé yìí ni àṣà àti máa fún ilé-oúnjẹ ní ìràwọ̀ kan, méjì, tàbí mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí ọdún 2016 ni ìwé náà kọ́kọ́ kan Seoul, ilé méjì ni ó sì gba ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: Gaon, àti La Yeon tí ó wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì Shilla. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àfi ìgbà tí mo wádìí síwájú. Gaon ti kógbá sílé ní ìparí ọdún 2022. Ìràwọ̀ La Yeon ti dín sí méjì. Mosu, tí òun náà gba mẹ́ta lẹ́yìn wọn, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, kò sì tíì ṣí i nígbà tí mo wà níbẹ̀. Mo rí i pé ìràwọ̀ lè sọ fún ènìyàn pé àwọn kan jẹun níbì kan, ó sì dùn mọ́ wọn. Kò lè sọ fún mi bóyá yóò tó owó oṣù mẹ́rin ní ojú èmi.

N kò fẹ́ fi owó ọmọ mi dán nǹkan wò, nítorí náà mo fi owó ti ara mi dán an wò. Mo mú un lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní ilé kan tí n kò ní dárúkọ. Ilé náà rẹwà. Ògiri rẹ̀ ń dán, àwọn tí ń gbé oúnjẹ ń rìn bí ẹni pé ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Wọ́n gbé ẹyin ẹja dúdú wá láti òkè òkun, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ wá, wọ́n sì fi wúrà tí a lù pẹlẹbẹ bí ìyẹ́ labalábá bo ẹran màlúù lórí. Mo jẹ wúrà. Kò ní adùn kankan. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo bi ara mi pé bí wọ́n bá di ojú mi tí wọ́n sì gbé mi wá síbẹ̀, ǹjẹ́ n óo mọ̀ pé Kòríà ni mo wà, tàbí Paris, tàbí Dubai? Mo ní kí ọmọ mi bá mi bi ọmọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ fún wa pé níbo ni wọ́n ti rí omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi sè é. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó padà wá pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ni. Owó náà dùn mí dé egungun.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà ni ohun tí ó la ojú mi ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi ń gbé yàrá kan ní ilé ìyá àgbà kan. Mo ti di irú bí ọbẹ̀ mẹ́ta wá fún un láti ilé, mo fi ọ̀rá márùn-ún wé e, ó sì ti tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, ó ní kí òórùn rẹ̀ má baà lé òun kúrò nílé onílé. Bí a ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, òórùn irú gba gbogbo ilé kan. Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rò pé ọ̀rá ti tú. Kì í ṣe irú wa ni. Ìyá àgbà náà ni ó ń se ọbẹ̀ cheonggukjang lórí iná.

Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe cheonggukjang. Wọn a sè é títí yóò fi rọ̀, wọn a bò ó mọ́ ibi tí ó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, títí yóò fi máa yọ̀ tí òórùn rẹ̀ yóò sì jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ṣe, ẹ ti mọ ìyókù. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé kòkòrò tín-ín-tìn-ìn kan náà, tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis, ni ó ń ṣe iṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà náà mú wa gun òrùlé rẹ̀ lọ. Ìkòkò amọ̀ ńláńlá mẹ́sàn-án ni ó tò síbẹ̀ nínú òtútù. Ọmọ mi ń túmọ̀, mo sì ń gbọ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn ìkórè, wọn a se ẹ̀wà sóyà, wọn a gún un, wọn a mọ ọ́n bí búlọ́ọ̀kù, wọn a fi koríko ìrẹsì so ó rọ̀ kí ó gbẹ kí ó sì bu. Meju ni orúkọ rẹ̀. Bí ọdún tuntun ti òṣùpá bá ti wọlé, wọn a rì í sínú omi iyọ̀ nínú ìkòkò, wọn a fi èédú àti ata pupa sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọjọ́ sí ọgọ́ta, wọn a ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ki. Omi náà ni ganjang, èyí tí ó ki ni doenjang. Ẹ̀kẹta tí wọ́n ń pè ní gochujang jẹ́ ti alátá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní jang, ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ Kòríà ni kò sì lè dúró láìsí wọn. Oṣù méjì ṣáájú ìrìn-àjò mi, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ni àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe jang sínú ìwé ogún ìran ènìyàn. Ìyá àgbà náà ṣí ìkòkò tí ó wà ní igun. Ó ní ọdún tí ọmọ òun àgbà lọ sí iṣẹ́ ológun ni òun ti rọ ọ́, ọmọ náà sì ti bímọ méjì báyìí.

Mo dúró lórí òrùlé náà, mo rántí ìyá mi. Irú ni wọ́n ṣe tà tí wọ́n fi rán mi lọ sí ilé-ìwé gíga. Òru ni wọ́n ń fi se é, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a fọ̀ ọ́ lódò, wọn a tún un sè, wọn a fi ewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kejì mi ní ilé-ìwé, wọ́n wá kí mi ní ọgbà wa, òórùn irú sì wà lára aṣọ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé ta ni wọ́n. Mo ní ará ilé wa kan ni. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé àgbọ̀n wọn, wọ́n sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń wá nínú ilé-oúnjẹ olówó ńlá. Mo ní kí ọmọ mi máa fóònù sí wọn, kí ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ta ni ó ṣe jang yín, ọdún mélòó ni ó sì ti lò? Ẹni tí ó bá ra wúrà lè rà á ní ọ̀la, kí ó sì tà á fún mi ní ọ̀tunla. Ṣùgbọ́n kò sí olówó tí ó lè ra jang ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnìkan ti fi ọdún mẹ́wàá ṣọ́ ìkòkò. Ìyẹn ni mo lè san owó fún.

Bí a ti ń wádìí ni a ń gbọ́ ohun tí ó wú mi lórí. Onjium, tí ó wà lẹ́bàá ààfin Gyeongbokgung, ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ, aṣọ àti ilé àtijọ́, láti inú ìwádìí náà ni oúnjẹ rẹ̀ sì ti ń jáde. Ní Kwon Sook Soo, wọ́n ń gbé tábìlì kékeré ka iwájú àlejò kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń ṣe fún ọlọ́lá ayé àtijọ́. Ní Mingles, jang mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ń ṣe ohun dídùn tí wọ́n fi ń kásẹ̀ oúnjẹ. (Kí oṣù náà tó parí ni wọ́n fún ilé yìí ní ìràwọ̀ mẹ́ta, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ báyìí, kí ó tètè gba àyè.) Èyí tí ó dùn mọ́ olùkọ́ bí èmi jù ni ìtàn oúnjẹ ààfin. Lẹ́yìn tí ìjọba àwọn ọba Joseon ti parí ní ọdún 1910, díẹ̀ ni ó kù kí ìmọ̀ ilé ìdáná ọba parun. Olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hwang Hye-seong ni ó lọ jókòó ti Han Hui-sun, obìnrin tí ó ti sìn nínú ilé ìdáná náà, tí ó sì kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀. Tábìlì ọba máa ń ní àwo ẹ̀gbẹ́ méjìlá. Ti àwọn ará ìlú a máa jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún, méje tàbí mẹ́sàn-án.

Ilé tí a yàn wà ní gúúsù odò Han. N kò ní dárúkọ òun náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ ìpolówó. Olórí alásè fúnra rẹ̀ ni ó gba fóònù. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ títí nípa àwọn ìkòkò tí òun ń tọ́jú ní abúlé kan, ọmọ mi kò sì rí àyè dá a dúró. Ọ̀sán ni a yàn dípò alẹ́. Alásè kan náà, ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n 150,000 won ni ti ọ̀sán, ìdajì owó alẹ́ gan-an. Mo gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sì í retí owó lọ́wọ́ àlejò fún àwọn tí ń gbé oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kejì ìgboyè ni a lọ. Ògiri ilé náà kò dán. Wọ́n kọ́kọ́ gbé síbí mẹ́ta wá, ganjang díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti ọdún kan, ti ọdún márùn-ún, ti ọdún mẹ́wàá. Iyọ̀ ni ó kọ́kọ́ bá ahọ́n mi nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ti ìkejì, iyọ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Èyí tí ó kẹ́yìn dúdú bí àdín ẹ̀yan, ó ki, ó sì dùn lọ́nà tí kì í ṣe ti ṣúgà, ó dúró ní ọ̀fun mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ewébẹ̀ ìgbẹ́ tí ń hù nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, nínú ọbẹ̀ doenjang tí ó ṣàn. Wọ́n gbé ohun kan tí ó ń mì bí ẹ̀kọ tútù wá, èso igi kan ni wọ́n fi ṣe é; n kò gbádùn ìyẹn. Ẹran náà kéré. Ìrẹsì ni wọ́n fi parí rẹ̀, inú ìkòkò tí wọ́n gbé kaná lẹ́yìn tí a jókòó ni wọ́n ti bù ú, mo sì bẹ̀bẹ̀ fún èérún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Olórí alásè rẹ́rìn-ín, ó fi omi gbígbóná sí i fún mi.

Ọmọ mi san 300,000 fún àwa méjèèjì. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń sanwó. Kò dùn mí.

Ní alẹ́, mo ní kí ó gbé irú jáde nínú fíríìjì. Ó ro ẹ̀fọ́, ó bù ú sínú àwo, ó gbé e lọ fún onílé. Mo tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà náà gbé imú sún mọ́ ọn, ó tọ́ ọ wò, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan.

“Wọ́n ní ta ni ó ṣe é,” ni ọmọ mi wí, “wọ́n sì ní ọjọ́ mélòó ni ó fi wà lábẹ́ ewé?”

Mo ní kí ó sọ fún wọn pé ọjà ni mo ti ra èyí, ṣùgbọ́n ìyá mi ni ó ń ṣe é tà nígbà ayé rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta sì ni.