Kí Abẹ́rẹ́ Yìí Tó Dé

Nígbà tí a wà ní kékeré, ọmọ tí ẹ́síímà, àìsàn awọ tó ń yún ni, bá mú, ojú rẹ̀ máa ń rí màbo lóru. Ìyá á fi òrí pa á lára, á fi aṣọ wé e lọ́wọ́ kó má baà họra. Síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀jẹ̀ á ti ta sára aṣọ, èépá ara á sì kún orí ẹní. Àwọn aládùúgbò á ní ó ń ràn, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ wọn bá a ṣeré. Bẹ́ẹ̀ kì í ràn! Títí dòní ló ń dùn mí.

Ọ̀dà ni àwọn òyìnbó náà ń fi kun aláìsàn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1952 ni àwọn dókítà awọ méjì, Marion Sulzberger àti Victor Witten, fi hàn pé ìpara hydrocortisone ń ṣiṣẹ́, ó sì tu ọ̀pọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ le, ìpara kò ká a.

Abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ dupilumab ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú ìdánwò méjì tí èsì wọn jáde lọ́dún 2016, aláìsàn 1,379 gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn kan gba òògùn, àwọn kan gba èyí tí kò ní òògùn nínú, aláìsàn ò mọ èyí tí wọ́n fún un, dókítà tó ń yẹ̀ wọ́n wò náà ò mọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba òògùn lọ́sẹ̀ méjì méjì, nǹkan bí 36 sí 38 ni ara wọn mọ́ tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba èyí tí kò ní òògùn nínú, 8 sí 10 péré ni. Òògùn náà máa ń mú kí ojú àwọn kan pọ́n, kò sì wo gbogbo ènìyàn.

Lónìí, aláìsàn á yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú fìríìjì, á gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 kí òtútù ara rẹ̀ lè lọ, á fún awọ ikùn tàbí itan mú, á sì gún ara rẹ̀ nínú ilé. Inú mi dùn sí i. Àwọn tó họra títí wọ́n fi darúgbó, tí wọn ò rí abẹ́rẹ́ yìí lò, ni àánú wọn ń ṣe mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Bí ara ṣe pọ́n sí wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn yìí ṣe le tó. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú sí i tàbí kó rí bí eérú, wọ́n á sì rò pé tiwa ò le. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìdánwò òògùn tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá sí i, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń wo awọ wa.