"Eat, Ate, Eaten" àti Ẹja Yíyan



Láti ìgbà tí Minna ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní 1976 ni iṣẹ́ ìjọba ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí. Ní ọ́fíìsì, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ. Ní ọjà, Hausa ni. Ilé nìkan ló kù fún Yorùbá.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, a kọ ọ́ sínú fáìlì pé "the letter has went". Ọ̀gá fi bírò pupa yí i po, gbogbo ọ́fíìsì sì fi wá rẹ́rìn-ín. A pinnu pé ojú kò ní ti ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Alaalẹ́ la máa ń jókòó tì wọ́n: "go, went, gone, eat, ate, eaten."

Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ. "Jẹ" ni lánàá, "jẹ" ni lónìí. "Ń" ló ń sọ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, "ti" ló ń sọ pé ó ti parí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. "Falling tree" ni igi tó ń wó bọ̀: ẹ sá! "Fallen tree" ni igi tó ti wó: ẹ gbé àáké wá. Ọmọ tí nǹkan sú, tó wá ní "I am boring", ti bú ara rẹ̀. "Bored" ló yẹ kó wí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbíkẹ́yìn wa ka gbogbo rẹ̀ láìṣì. Inú wa dùn. A bi í pé, "Kí ni 'roasted fish' ní Yorùbá?" Ó ní, "Fish tí wọ́n roast." Ẹnu wa wọhò. Ẹja yíyan tí ìyá rẹ̀ ń bù fún un láti kékeré! Bẹ́ẹ̀ yan di yíyan, sè di sísè, sun di sísun. Ó rọrùn ju "go, went, gone" lọ.

Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tún tẹ ti Nupe, èdè àwọn tó gbà wá lálejò ní ìpínlẹ̀ yìí, ní 1864. Kò torí ọ̀kan sọ ọ̀kan nù.

Ẹ̀yin òbí, a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní méjèèjì báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe é. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Tiwa kò ní gbẹ o. Àṣẹ.