Àjàṣẹ́ La Ti Rí Irú Máṣíìnì Tó Yẹ Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n orí alùpùpù ló dá lé.

Lọ́dún 2022, nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè Ìdìrókò padà lẹ́yìn ọdún méjì ó lé, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ibẹ̀ lọ sìnkú ìbátan wa kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Télọ̀ lọmọ náà. Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ fi gàrí títà dá fún ọdún méjì ló fẹ́ fi ra máṣíìnì fún un. Kò gun máṣíìnì rí o, síbẹ̀ gbàǹgbà kan tó ń bú bíi kìnnìún lojú rẹ̀ wà lára. Àyà mi ń já.

Kẹ́ ẹ wá wo Àjàṣẹ́! A ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán táwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ti yí wa ká. Zemijan ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ìgbà téèyàn bá ní "gbé mi kíákíá" lédè Fọ̀n. Bẹntiróòlù wà nínú ìgò lẹ́bàá títì bí ẹni pàtẹ epo pupa. Àwọn obìnrin ló wú mi lórí jù. Ìyá ọlọ́jà, tòun tìró, ẹrù ńbẹ lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa tiẹ̀! Èyí tí wọ́n ń gùn kéré, àárín rẹ̀ ṣófo, ìró kì í há a. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yí jíà. Irú Honda Super Cub tó jáde ní 1958 ni.

Mẹkáníìkì àgbà kan wà nílé òkú. Ó gbọ́ ẹnu ọmọ wa, ló bá mú un lọ sídìí máṣíìnì ńlá kan.

"Gùn ún."

Ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀.

"Ó dáa. Rọra dà á dùbúlẹ̀, kó o gbé e dìde."

Ọmọ fà á, ó tì í, òógùn bò ó. Máṣíìnì ò mira.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo wá ni kí n rà?"

"Èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì bá tẹ̀lẹ̀, tó o lè dá gbé. 100 tàbí 125 ti tó ẹ. Bó bá jẹ́ àlòkù, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti sítáàtì rẹ̀ sílẹ̀ dè ẹ́ nìyẹn, kí ni wọ́n ń fi pa mọ́? Bí èéfín rẹ̀ bá dà bí aró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Wò ó bóyá nọ́ńbà ara irin àti ti ẹ́ńjìnnì bá ìwé mu. Bí kò bá bá a mu, sá!"

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ rà á lọ́hùn-ún o. Ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá dúró lójú ọ̀nà kó má dárúkọ mi.

Ìlaró la ti ra tiẹ̀, Boxer 100. A fi ṣẹ́ńjì ra akoto méjì. Oṣù kan gbáko ló fi ń kọ́ ọ ní pápá ilé ìwé láàárọ̀ Sunday, kò gbérù, kò gbéèyàn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sọ́jà, ó dì í mú bí ẹni dìgi mú. Oṣù tó kọjá ló wá rọra bi mí léèrè pé, èyí tí àárín rẹ̀ ṣófo yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?