Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́

Bí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ yè, ọ̀rọ̀ ìtùnú tí Yorùbá máa ń sọ ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ó tún omi mìíràn pọn. Ní ọdún 2020, wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí tù mí nínú nítorí tábílẹ́ẹ̀tì mi, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí.

Ní ọdún 2019, mo gba ẹkún ìyàwó mẹ́rìnlá sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Inú tábílẹ́ẹ̀tì yìí ni ohùn náà wà. Ìyá náà papòdà kí ọdún náà tó parí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ti ẹ̀rọ náà pa. Ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, kí ó padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí mo rà á. Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?" Mo ní mo ní in, nítorí mo ti tan ìpamọ́ aládàáṣe ti Google sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a nù ún tán, mo tẹ àdírẹ́sì íméèlì mi. Ẹ̀rọ náà bi mí bí mo bá fẹ́ kí ó dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, mo sì gbà. Nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn padà dé, àtẹ̀jíṣẹ́ padà dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ibi tí ohùn ìyá wà, òfìfo ni mo bá.

Ìgbà náà ni mo tó ka ohun tí ó yẹ kí n ti kà ṣáájú. Ìpamọ́ aládàáṣe náà kì í kó ohun gbogbo. Dátà tí ó ń kó fún ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ju 25 MB lọ. Àwòrán àti fídíò ní ọ̀nà tiwọn, ìyẹn Google Photos, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tàn lọ́tọ̀. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ kò sí nínú èkíní, kò sì sí nínú èkejì. Lóòótọ́ ni agbè kò fọ́, ṣùgbọ́n odò tí mo ti pọn omi ti gbẹ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lórí íméèlì kí ó lè ṣe àdàkọ rẹ̀. Èyí tí mo fún ẹlòmíràn ni mo rí gbà padà. Èyí tí mo dá fi pamọ́ ni mo pàdánù. Òun ni mo ṣì fi ń kọ́ kíláàsì mi. Bí ó bá ti parí, wọn a bi mí níbo ni mẹ́tàlá yòókù wà.

Láti ìgbà náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ń ní: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú háádì dírááfù tí kì í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìparí oṣù, mo máa ń mú fáìlì kan nínú ẹ̀dà náà, n ó gbé e sínú ẹ̀rọ mìíràn, n ó sì gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la tí ẹ óò jáde lọ gba oríkì àti ìjálá sílẹ̀, ẹ má ṣe gba ẹ̀rọ gbọ́ lásán. Ẹ̀dà tí a kò tíì dá padà wò, a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé a ní in.