Àńkárá Di Ìgbòkun, Òwe Di Àga: Iṣẹ́ Ọnà Yínká Méjì ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ọmọ Yorùbá bá dé Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́, ibi méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń yá sí: ààfin ọba àti Peckham. Ní ààfin, yóò ya fọ́tò. Ní Peckham, yóò ra iṣu àti ata rodo, yóò sì gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé Mushin ni ó wà. Kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ọjọ́ kan sí i, kí ó lọ sí Greenwich, kí ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Nine Elms. Iṣẹ́ àwọn ọmọ wa méjì wà níbẹ̀ ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè wò láìsan kọ́bọ̀. Yínká ni orúkọ àwọn méjèèjì. Aṣọ ni ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀. Àga àti àwọ̀ ni èkejì fi ń sọ tirẹ̀.

Ọkọ̀ inú ìgò

Ní Greenwich, lóde ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní National Maritime Museum, ìgò ńlá kan dùbúlẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀. Ó tóbi débi pé àgbàlagbà lè nàró nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú ìgò náà, tí a kàn ní àwòkọ HMS Victory, ọkọ̀ tí ọ̀gágun Nelson kú sínú rẹ̀ nígbà ogun Trafalgar ní ọdún 1805. Títí dé ibí yìí, ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Àfi ìgbà tí ènìyàn bá gbójú sókè wo ìgbòkun ọkọ̀ náà. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n, gbogbo wọn ni ó sì ní bátánì irú àńkárá tí àwọn ìyá wa ń rà fún aṣọ ẹbí.

Yínká Ṣóníbárẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Gbàgede Trafalgar, níwájú òpó Nelson gan-an, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ní ọdún 2010, kí ó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Greenwich ní 2012. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Ṣóníbárẹ́ sí ní 1962, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti dàgbà. Kò pẹ́ tí ó padà sí ìlú Ọba láti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí àìsàn kan fi kọlu ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ sì rọ. Àìsàn náà kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Òun ni ó ń ronú iṣẹ́, tí ó ń ya àwòrán rẹ̀; àwọn olùrànlọ́wọ́ sì ń bá a gbé e dìde.

Ṣóníbárẹ́ ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kan bi òun léèrè ìdí tí òun kò fi ń ṣe ojúlówó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Ìbéèrè náà ni ó gbé e dé ọjà Brixton, níbi tí wọ́n ti ń ta àńkárá. Ibẹ̀ ni ó ti mọ ìtàn aṣọ náà. Àwọn ará Indonéṣíà ni wọ́n ń fi ìda ya bátánì sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n sì kó o wá ta ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ènìyàn wa rà á, wọ́n fún bátánì rẹ̀ ní orúkọ, wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó, wọ́n fi sìnkú. Báyìí ni ó ṣe di tiwa.

Ìdí nìyí tí ìgbòkun náà fi yẹ ọkọ̀ ogun yẹn. Òkun kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun lé lórí ni ó gbé aṣọ náà rìn. Ẹni tí ó bá dúró níwájú ìgò náà nínú àńkárá tirẹ̀ yóò rí i pé aṣọ ọrùn òun ti rin ìrìn àjò ju òun lọ.

Òwe tí a lè jókòó lé

Nine Elms kò ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà, nítorí ibẹ̀ ni ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Lọ́ńdọ̀nù wà. Ilé gogoro onígíláàsì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ní Thessaly Road, ọ̀nà kan gba abẹ́ afárá rélùwéè, irú abẹ́ afárá tí ènìyàn máa ń yára kọjá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní ọdún 2019, Yínká Ìlọ̀rí fi pátákó irin aláwọ̀ mèremère bo ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì: òféfèé, yẹ́lò, búlúù, pupa, ewéko. Happy Street ni ó pe iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run ṣú bí eérú, síbẹ̀ abẹ́ afárá náà dà bí ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Balógun.

Àfiwé ọjà Balógun yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2019 kan náà, Ìlọ̀rí àti ilé iṣẹ́ Pricegore kọ́ ilé onígi aláràbarà kan, Colour Palace, sí ọgbà Dulwich Picture Gallery. Ọjà Balógun ni wọ́n wò kí wọ́n tó yan àwọ̀ rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Ìlọ̀rí sí ní 1987, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àga ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣa àga tí àwọn ènìyàn ti jù nù, ó ń tú u, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀kan kan ẹ̀yìn òmíràn, ó sì ń kùn ún. Òwe tí ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ nínú ilé ni ó ń fi àwọn àga náà pa. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé bí ó ti wù kí ọrùn àgùnfọn gùn tó, kò lè rí ọ̀la. Orí òwe yìí ni ó gbé àfihàn If Chairs Could Talk kà ní 2015: àga tí wọ́n ti jù nù ni ó ń sọ fún wa pé kí a má ṣe fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá ṣe ìdájọ́ òpin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà mí lọ́kàn níbí, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ òwe àti oríkì ní yunifásítì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òwe wọ̀nyí fi wà lára ògiri àfihàn. Ọ̀rọ̀ kan náà wà nílé, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìtumọ̀ rẹ̀ wọ inú àga. Ohùn rẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Kò sí àwọ̀ tí ó lè kun àmì ohùn.

Síbẹ̀, n kò lè pè é ní àdánù. Àwọn òbí Ìlọ̀rí kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni àwọn ń kọ́ ọmọ. Wọ́n kàn ń bá a wí, wọ́n ń gbà á níyànjú, bí òbí gbogbo ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ní Èkó pàápàá, ti dákẹ́ òwe nítorí ọmọ kò dáhùn ní Yorùbá. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé etí ọmọ kò dákẹ́ bí ẹnu rẹ̀ ti dákẹ́. Ohun tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe lè má jọ ohun tí a rò, ṣùgbọ́n ohun tí kò gbọ́ rárá ni kò lè fi ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Ẹ fi òwúrọ̀ sí Greenwich, nítorí ìgò náà wà lóde gbangba, oòrùn òwúrọ̀ sì ń yẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀sán sí Nine Elms. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2021 kò jìnnà sí Thessaly Road. Bí àwọn ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, Ìlọ̀rí tún ṣe ibi ìṣeré kan fún wọn ní Parsloes Park, ní ìhà Barking àti Dagenham, ní 2022. Ní ọ̀nà, ẹ pa òwe kan fún wọn ní Yorùbá, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè irú àga tí àwọn yóò fi òwe náà kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ná, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.