113 Ni Ti Ìjàpá

Ibùdókọ̀ kan wà lójú ọ̀nà Badagry, kò jìnnà sí Ìyànà Ìbà, tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń pè ní Volks. Ọ̀pọ̀ ojúgbà mi ò mọ̀ pé iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1975 ló bí orúkọ yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí pé Bàbá àgbà ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ wọn, ìjàpá tí Bàbá rà nígbà náà sì wà nínú ọgbà wa dòní.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Wọn ò lè ka nọ́ńbà ara irin mọ́, àmọ́ wọn ò gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kà á sí wọn létí.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, mẹ́ta-mẹ́ta. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ọkọ̀ tó ni ín: 111 tàbí 113 ni ti ìjàpá, 211 ni ti bọ́ọ̀sì. Èyí tó ṣáájú nínú mẹ́ta àárín ń sọ ibi tó wà lára ọkọ̀: 1 ni ẹ́ńjìnnì, 3 ni jíà, 6 ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti bíréèkì, 8 ni bọ́dì, 9 ni iná. Mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ni ti ẹ̀yà náà gan-an. Mọ́gáàdì iwájú lápá òsì ni 111 821 021. 022 ni ti ọ̀tún. Mo ti ṣì í rí, torí pé iwájú ọkọ̀ ni mo dúró sí, tí mo kọjú sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. “Ta ní ń wa mọ́tò láti ìta? Orí ìjókòó dẹrẹ́bà ni kí o ti wò ó.”

Ní ọlidé tó kọjá, bíréèkì iwájú ń jò. Bàbá mi ní bí kò bá ṣe é tún ṣe kó tó di Sátidé, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò wá gbé e. Bùọ̀dá mi lọ ra sílíńdà bíréèkì wá. Mo nu gíríìsì ojú rẹ̀, mo ní, “211 611...”

Bàbá ò jẹ́ kí n kà á tán. “Ti bọ́ọ̀sì nìyẹn! Bí bíréèkì ẹsẹ̀ kan bá le ju èkejì lọ, ọkọ̀ á kàn fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì ni. Ẹ dá a padà.”

Èmi àti bùọ̀dá mi lọ. Ọlọ́jà náà fárí gá. “Ṣebí Volkswagen lẹ ní? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo 211 yìí.”

Ó kọjú sí bùọ̀dá mi: “Ọmọ kékeré yìí ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?” Síbẹ̀, ó da odindi páálí kan sílẹ̀ fún wa. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ mi fi dúdú kirikiri, kí n tó rí 113 611 057. Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sójú oòrùn. “Kí ni 6 yẹn ń sọ?” Mo sọ fún un. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn pààrọ̀ rẹ̀ fún wa láìgba owó kún un.

Nígbà tí a délé, Bàbá gbé irin náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá nọ́ńbà náà. “Kà á kí n gbọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé 057, wọ́n ti kà á ṣáájú mi.