Àdúrà Ọ̀pọ̀, Ìpinnu Ẹnì Kan: Bí Àwọn Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Wá Ojú Ọlọ́run Papọ̀

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ẹnì kan lè dá pinnu. Bí wọ́n bá bímọ tuntun, òbí a lọ gbọ́ àkọsẹ̀jayé rẹ̀ lẹ́nu babaláwo. Bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tí ó wù ú, alárinà a dìde, ẹbí a sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: ṣé àrùn burúkú kò sí nínú ìdílé náà? Ṣé wọn kì í ṣe olè? Ṣé àwọn méjèèjì kì í ṣe ìbátan? Wọn a sì bi Ifá léèrè pẹ̀lú. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn di onígbàgbọ́, wọ́n pa ọ̀pẹ̀lẹ̀ tì, ṣùgbọ́n wọn kò pa àṣà bíbéèrè tì. Ẹni tí wọ́n ń bi ni ó yí padà. Àwọn tí ń bá wọn béèrè yí padà pẹ̀lú, nítorí arákùnrin àti arábìnrin nínú Olúwa ni ó wá jókòó sí ibi tí ẹbí jókòó sí tẹ́lẹ̀.

Àṣà yìí ní gbòǹgbò nínú Ìwé Mímọ́. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 13, àwọn wòlíì àti olùkọ́ márùn-ún nínú ìjọ Áńtíókù ń sin Olúwa, wọ́n sì ń gbààwẹ̀, nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí wọ́n ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò kọjá: Bánábà àti Sọ́ọ̀lù fúnra wọn wà lára àwọn márùn-ún náà. Ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀yìn wọn pinnu ọ̀rọ̀ ayé wọn. Ní orí 15 ẹ̀wẹ̀, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù lórí bóyá ó yẹ kí àwọn Kèfèrí tí ó gba Jésù dákọ́ tàbí kí wọ́n má dá a. Pétérù sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ròyìn iṣẹ́ tí Ọlọ́run ṣe láàárín àwọn Kèfèrí. Jákọ́bù sì fi ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì ìgbàanì wọn gbogbo rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì dárúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ àti ara wọn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó fọwọ́ sí ìpinnu náà. Kò sí ẹni tí ó dìde láàárín wọn láti sọ pé òun rí ìran, nítorí náà kí gbogbo ìjọ panu mọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn àwọn Aládùúrà ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri ayé, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan dìde nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. J. B. Ṣádárè jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, Sophia Ọdúnlámì tí ó jẹ́ olùkọ́ sì wà pẹ̀lú wọn. Láti inú irú àkójọ àdúrà bẹ́ẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti Òkè-Ooye ní Iléṣà ti jáde ní ọdún 1930, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní ọdún 1931, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpósítélì láti Bìrìtìkó dé láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kuníìnì fi dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó náà ń lo oògùn ibà yìí, àwọn aṣáájú Yorùbá sì gbà pé ìwòsàn àtọ̀runwá kò gbọdọ̀ bá oògùn kankan dàpọ̀. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni, nítorí ibà kì í ṣe àìsàn tí a fi ń ṣeré. Ìhà méjèèjì ni ó ń gbàdúrà, síbẹ̀ ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí kò dọ́gba. Wọ́n pín yà, ìjọ Christ Apostolic Church sì gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn olóòótọ́ lè kúnlẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì dìde pẹ̀lú ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kò fi ewu yìí pamọ́. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 22, nǹkan bí irinwó wòlíì ni ó fi ohùn kan sọ fún Áhábù pé kí ó lọ sójú ogun. Mikáyà nìkan ni ó yà sọ́tọ̀, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣẹ. Ní orí 13 ìwé kan náà, ènìyàn Ọlọ́run kan gba ọ̀rọ̀ wòlíì àgbà kan gbọ́, ó sì fi àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà sílẹ̀. Kìnnìún ni ó pa á lójú ọ̀nà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í sọ irọ́ di òtítọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ènìyàn wọ egungun lónìí ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, tí yóò sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í ṣe pé bí àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Ewu náà ń padà wá bá oyún kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé kò wá rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà kan. Ọdún kan ni wọ́n fi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ ara wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbààwẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹnì kan rí òrùka lójú àlá, ẹlòmíràn rí aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, AS ni àwọn méjèèjì. Àwọn kan ní kí wọ́n ya ìwé náà, pé Ẹni tí ó fi òrùka hàn mọ ohun tí Òun ń ṣe. Ìyá àgbà kan tí ó ti sin ọmọ méjì nítorí àrùn yìí kò bá wọn jiyàn. Ó kàn béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmọ bá ń ké ìrora egungun ní aago méjì òru, ta ni nínú àwa tí a wà níhìn-ín ni yóò bá yín gbé e dé ilé ìwòsàn?” Ilé dákẹ́. Ọmọbìnrin náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun. Bí ẹ̀rù bá ń bà wá láti ka ìwé yìí nínú àdúrà, àdúrà wa kò tíì pé.” Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì pinnu pé àwọn kò ní fẹ́ ara wọn mọ́. Ó dùn wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ìpinnu náà jẹ́ tiwọn, àwọn tí ó bá wọn gbàdúrà sì ṣì ń bẹ̀ wọ́n wò.

Ìbéèrè ìyá yẹn níye lórí ju àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́wàá lọ. Àwọn onígbàgbọ́ tí a ń pè ní Kúékà ní àṣà kan tí ó jọ ọ́. Bí ìpinnu ńlá bá dojú kọ ọ̀kan nínú wọn, yóò pe ènìyàn díẹ̀ jọ. Wọn yóò jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọn yóò sì máa bi í ní ìbéèrè òtítọ́. Wọn kò gbọdọ̀ gbà á nímọ̀ràn, wọn kò sì gbọdọ̀ pinnu fún un. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ọlọ́run lè bá ẹni náà sọ̀rọ̀, àti pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ni láti mú ariwo kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pe àwọn ará jọ sí ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀, yálà ìgbéyàwó ni o, yálà ìrìn àjò sí ìlú òyìnbó ni o, yálà iṣẹ́ tuntun ni, kí ó kọ́kọ́ yan àwọn tí kò ní jẹ èrè kankan nínú ìdáhùn náà. Kí ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, owó, àìsàn, ìbẹ̀rù, gbogbo rẹ̀, nítorí àdúrà tí a gbà lórí ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ààbọ̀ ìdáhùn ni yóò mú wá. Ẹni tí ó bá sì ní Olúwa bá òun sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn yòókù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ó bá bínú nítorí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn.

Pọ́ọ̀lù ni kí a fi kádìí ọ̀rọ̀. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 21, Ágábù fi àmùrè Pọ́ọ̀lù de ara rẹ̀ láti fi ìdè tí ó ń bọ̀ hàn. Àwọn ọ̀rẹ́ Pọ́ọ̀lù sunkún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun ń lọ. Wọ́n dákẹ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé ìfẹ́ Olúwa lọ́wọ́, díẹ̀ nínú wọn sì bá a rìn. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun, iṣẹ́ àwọn ará sì ni láti bá ẹni tọ́ka sí òkèèrè náà. Ẹni tí ó ń rìnrìn àjò ni yóò gbé ẹsẹ̀. Ọlọ́run yóò fún wa ní àwọn tí yóò sọ òtítọ́ fún wa kí a tó gbé e, tí wọn kò sì ní padà lẹ́yìn wa nígbà tí a bá ti gbé e tán.